Gàrí Ìjẹ̀bú àti sáyánáìdì: bí a ṣe ń lé májèlé ẹ̀gẹ́ jáde kó tó dé ọpọlọ

Ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú nílẹ̀ kò tíì ní sáyánáìdì tó dá dúró tó nǹkan. Ohun tó ní ni linamarin, èròjà kan tí ṣúgà àti sáyánáìdì so pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn ohun tó ń mú kí èròjà tètè yí padà, tó lè tú u, èyí tó ń jẹ́ linamarase, wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì kan náà. Inú ilé kan ni wọ́n ń gbé, wọn ò ríra. Ìgbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ tí ògiri fọ́ ni wọ́n pàdé, sáyánáìdì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Gbogbo iṣẹ́ gàrí, láti ìdí ẹ̀rọ títí dé orí agbada, kò ju ohun méjì lọ: kí àwọn méjèèjì pàdé dáadáa, kí ohun tó tú jáde sì rí omi tàbí ooru bá lọ.

Ẹni tó bá di èyí mú á mọ ìdí tí a fi ń sọ pé ọjọ́ àti omi ló ń lé májèlé ẹ̀gẹ́, iná kàn ń parí iṣẹ́ ni. Àwọn tó ń fi ọjọ́ kan ṣe gàrí nígbà tí ọkọ̀ Èkó bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tàbí nígbà tí Ojúde Ọba bá ku ọ̀sẹ̀ kan tí owó gàrí gòkè, rò pé agbada gbígbóná á bá àwọn dí àlàfo ọjọ́ tí àwọn fò. Kò lè dí i.

Ohun tó ń ṣe lára

Sáyánáìdì kì í dí imú, kì í dí ẹ̀dọ̀fóró. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń jà. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lo ọ́síjìn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cytochrome c oxidase, kò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á kún fún ọ́síjìn, sẹ́ẹ̀lì ò ní rí i lò. Ọpọlọ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí pé kò ju ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn tí gbogbo ara ń lò. Ìdí nìyẹn tí orí fífọ́, òòyì àti àárẹ̀ fi ń ṣáájú.

Ara wa ní ọ̀nà tó ń gbà fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀dọ̀ máa ń fi sọ́fọ̀, ohun tí àwọn àgbà mọ̀ sí imí ọjọ́, so mọ́ sáyánáìdì, á sì sọ ọ́ di thiocyanate tó máa bá ìtọ̀ jáde. Imí ọjọ́ yìí kì í ti afẹ́fẹ́ wá, inú ẹja, ẹyin, ẹran àti wàrà ni ara ti ń rí i. Nítorí náà, ohun tí gàrí kan máa ṣe fún ẹni tó ń fi ẹja jẹ èbà, kọ́ ló máa ṣe fún ẹni tó ń fi omi ata lásán jẹ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. A ó padà síbẹ̀.

Yíyan ẹ̀gẹ́ àti bíbó o

Ẹ̀gẹ́ tí sáyánáìdì inú rẹ̀ kò tó mílígíráàmù 50 nínú kìlò kan, ní tútù, ni wọ́n ń kà sí ẹ̀gẹ́ dídùn. Èyí tó kọjá 100 jẹ́ ẹ̀gẹ́ kíkorò, àwọn mìíràn sì ń dé 300 tàbí 400. Ẹ̀gẹ́ kíkorò kì í ṣe ẹ̀gẹ́ burúkú o. Òun ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fẹ́ràn, nítorí pé ẹranko igbó kì í fi bẹ́ẹ̀ dojú kọ ọ́, gàrí gidi sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ohun tó burú ni kí á máa lò ó bí ẹni ń lo ẹ̀gẹ́ dídùn. Ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní Isunikankiyan. Orúkọ náà ti sọ tẹnu rẹ̀, pé kì í ṣe isu nìkan ni wọ́n ń gún níyán. Irú ìyẹn ló ṣeé sè jẹ. Àwọn ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ mú jáde kí ó lè so dáadáa, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín bóyá ti sísè ni tàbí ti gàrí, kí ẹ tó fi ọ̀kan sínú ìkòkò.

Ìtọ́wò nìkan ò tó. Ẹ̀gẹ́ tó korò sábà máa ń ní májèlé púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kò korò kò jẹ́rìí pé kò ní. Ọ̀dá tún ń yí i padà: ẹ̀gẹ́ tó wà nínú oko láti oṣù kejìlá títí di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, pàápàá lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó pọ̀ lágbègbè wa, lè ní sáyánáìdì ju bó ṣe ní nígbà òjò lọ. Bí ẹ bá hú ẹ̀gẹ́ nígbà ọ̀dá, ẹ fi ọjọ́ kan kún iye ọjọ́ tí ẹ máa ń fi í sínú àpò.

Kí wọ́n rin ín lọ́jọ́ tí wọ́n hú u, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Ó ń di ọjọ́ kẹta, ìlà dúdú tó fẹ́ jọ aró á ti máa là nínú rẹ̀, gàrí rẹ̀ ò sì ní funfun mọ́.

Èèpo méjì ni ẹ̀gẹ́ ní. Èyí tó ń bó bí ìwé lẹ́yìn kì í ṣe ìṣòro. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó nípọn bí awọ, tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, ni linamarin ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń fi ọ̀bẹ fá èèpo òkè nìkan kí ẹ̀gẹ́ má baà dín kù ń dá májèlé padà sínú àpò. Ẹ fi ọ̀bẹ la èèpo náà lóòró, kí ẹ ti ẹnu ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ yí i: bí ẹ̀gẹ́ bá tutù dáadáa, èèpo méjèèjì á ká kúrò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara ẹ̀gẹ́ á sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Ibi tí èèpo bá lẹ̀ mọ́, ẹ gé e sọnù. Kìlò 100 ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú èèpo sábà máa ń fún wa ní gàrí bíi kìlò 20 sí 25. Ẹni tó bá ń rí 30 láti inú rẹ̀, ẹ wo èèpo rẹ̀, ẹ tún wo bí gàrí rẹ̀ ṣe gbẹ tó.

Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí yanrìn má baà pa páànù ẹ̀rọ.

Rírin: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí i

Bí a bá ní kí a mú ibì kan ṣoṣo tí gàrí ti ń di májèlé, ìdí ẹ̀rọ ni a ó mú. Linamarase kì í rìn wọ inú ẹ̀gẹ́ tí kò fọ́. Páànù ẹ̀rọ tó ti kú, tí ihò rẹ̀ ti tẹ́, kì í rin ẹ̀gẹ́ mọ́, ńṣe ló ń já a ní pèlépèlé. Pèlépèlé yìí á wọ àpò, á kan gẹ́gẹ́ bí ìyókù, á dé orí agbada, á gbẹ, linamarin inú rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti í lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń yọ̀ lọ bí ògì tó nípọn, tí omi funfun ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rin. Bí ohun kan bá ń ta yín lábẹ́ àtàǹpàkò, tó le bí hóró ẹ̀wà tútù, tí kò fọ́ bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ kà wọ́n. Ọ̀kan tàbí méjì nínú ẹ̀kúnwọ́ kan, kò burú, asẹ́ á gbà wọ́n lẹ́yìn ọ̀la. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n tún un rin. Oníẹ̀rọ á ráhùn nípa epo rẹ̀, ẹ san owó epo náà fún un. Páànù tí ìṣó ti lu ihò sí lára ò kí ń pẹ́. Bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ tó máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ń gba ogún, àkókò àtipààrọ̀ rẹ̀ ti dé.

Àpò, ọjọ́ àti jáàkì

Ọjọ́ kìíní kì í ṣe ọjọ́ jáàkì. Ẹ da ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò, ẹ di ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sórí igi tàbí òkúta kó má fara kanlẹ̀, kí omi tó bá fẹ́ jò fúnra rẹ̀ máa jò. Ìdí tí a fi ń jẹ́ kí omi wà nínú rẹ̀ ni pé inú omi ni linamarin àti ẹ́ńsáìmù ti ń ríra. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan, bó bá rin dáadáa, èyí tó pọ̀ jù lára linamarin ti tú. Bí ẹ bá fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ gbẹ ní ìdajì wákàtí tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, omi díẹ̀ ló máa kù fún iṣẹ́ yìí, èyí tí kò tíì tú á sì dúró síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹ gbé òkúta tàbí igi lé e. Ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, ẹ wọ jáàkì, kí ẹ máa fún un mọ́ra díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, àpò á bẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n mọ̀ jákèjádò ilẹ̀ yìí fún kíkan kì í dín ní ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò, àwọn mìíràn ń fi í dé márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, òórùn rẹ̀ á yí, èébú á máa hù létí àpò, gàrí rẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ agbada.

Ọgbọ́n kan wà tó ń tàn kálẹ̀ tí a ò fara mọ́. Wọ́n ń bu omi kíkan tó jò lára àpò àná sínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, kí ó lè kan láàárín ọjọ́ kan. Ó ń kan lóòótọ́. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò á ní gàrí ọjọ́ mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n kíkan àti bíbọ́ májèlé kì í ṣe ohun kan náà. Linamarase ò fẹ́ràn ibi tó kan púpọ̀, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, linamarin kì í fò tààrà di sáyánáìdì. Á kọ́kọ́ di ohun kan tí wọ́n ń pè ní acetone cyanohydrin, ìyẹn ló sì ń fọ́ padà tí sáyánáìdì á fi jáde. Nínú ohun tó kan, acetone cyanohydrin kì í tètè fọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan fúnra rẹ̀, ẹ́ńsáìmù á ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí kíkan tó dé. Bí ẹ bá fi omi àná sáré mú kó kan, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí kíkan fi jẹ́ àmì, tí kò jẹ́ ẹ̀rí.

Ìgbà wo ni omi ti jáde tó? Ẹ mú ìkúùkù kan nínú rẹ̀, ẹ fún un mọ́ra, ẹ la ọwọ́. Ó gbọ́dọ̀ dúró ní ìṣù kan, kí àtẹ́lẹwọ́ má tutù ju kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dán lọ, kó sì fọ́ bí ẹ bá fi ìka kan gún un. Bó bá ṣì ń rin ọwọ́, á dì ní kókó lórí iná: ẹ̀yìn kókó á gbẹ, inú á wà ní tútù, èéfín tó yẹ kó jáde á sì há sínú. Bó bá gbẹ jù, kò ní sè, ìyẹ̀fun lásán ni ẹ máa kó.

Omi tí jáàkì fún jáde ni èyí tó pọ̀ jù lára májèlé bá lọ, nítorí náà kì í ṣe omi fífọ abọ́. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un, kó jìnnà sí kànga ní mítà 30, ó kéré tán, kó má sì ṣàn lọ sódò. Koríko ibi tó ń dà sí kì í hù, ẹ wò ó lẹ́yìn ilé gàrí èyíkéyìí. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ sítáàṣì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó fi omi tuntun fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó máa da omi òkè dànù nígbà kọ̀ọ̀kan. Èèpo náà, kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó fi máa kán pẹ́pẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ tó da á fún ewúrẹ́.

Yíyan

Ẹ fọ́ ìṣù náà, ẹ fi asẹ́ kù ú. Ohun tó bá kù lókè asẹ́, pàǹtí àti pèlépèlé tí ẹ̀rọ kò rin, ibẹ̀ gan-an ni linamarin tí kò tú sá pamọ́ sí. Àwọn kan máa ń tún un gún, kí wọ́n sì dà á mọ́ ìyókù lórí agbada lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe é. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó ṣòfò, ẹ dá a padà sínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rin lọ́jọ́ náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Kìlò méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ máa dà sínú agbada lẹ́ẹ̀kan, kí awẹ́ igbá má dúró. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, iná kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agbada kí ẹ sì máa tú u ká, kí sítáàṣì rẹ̀ sè láìdì. Ìgbà yìí ni èéfín funfun ń gòkè, tí òórùn rẹ̀ ń ta imú. Sáyánáìdì ń di afẹ́fẹ́ ní dígírì 26 péré, ooru ọ̀sán lásán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ti tú sílẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ náà ló ń bá èéfín yìí jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iná sí i, títí tí gàrí á fi máa ró ṣàkàṣàkà lábẹ́ igbá. Gbogbo rẹ̀ á tó ìṣẹ́jú 15 sí 25.

Wàyí o, ìdí tí iná ò fi lè gba gàrí ọjọ́ kan là: ooru agbada ń pa linamarase. Linamarin fúnra rẹ̀ kì í bẹ̀rù ooru. Nígbà tí ẹ́ńsáìmù ti kú, linamarin tó bá ṣẹ́ kù nínú gàrí ti rí ibùgbé, á wà níbẹ̀ nínú àpò ọjà, nínú èbà, títí tí yóò fi dénú ìfun ènìyàn, níbi tí àwọn kòkòrò àìrí á ti bá a tú u.

Ẹni tó jókòó ti agbada ló ń kọ́kọ́ jẹ nínú májèlé yìí, ó sì máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà tí a bá sọ ọ́. Orí tó ń fọ́ àwọn ìyá tó ń yan gàrí nírọ̀lẹ́ kì í ṣe ti èéfín igi nìkan. Ẹ má yan gàrí nínú ilé tí ògiri rẹ̀ dí lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí àdògán kọ ẹnu ibi tí ẹ ti ń ti igi bọ̀ ọ́ síta, kí ihò èéfín wà lókè, kí ẹni tó ń yan án sì jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ kéré, ìwọ̀n tí kò ní ṣe àgbà ní nǹkan lè gbé e ṣubú.

Bó bá kúrò lórí iná, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ohun tó mọ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ti Ìjẹ̀bú gidi ń gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bò ó, eku ń tọ̀ sí gàrí tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀, ibà Lassa sì ń bá a rìn.

Àjọ Codex, tó ń ṣòfin oúnjẹ, tí àjọ oúnjẹ àgbáyé FAO àti àjọ ìlera àgbáyé WHO jọ dá sílẹ̀, fi mílígíráàmù 2 nínú kìlò kan ṣe òpin sáyánáìdì inú gàrí. Ojú ò lè rí ìyẹn. Ẹni tó ń ṣe gàrí tà lọ́pọ̀ lè béèrè àyẹ̀wò ní yàrá àyẹ̀wò oúnjẹ ní yunifásítì bíi FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ picrate kùn ni wọ́n sábà máa ń lò: wọ́n á fi í sínú ìgò kékeré pẹ̀lú oúnjẹ náà di ọjọ́ kejì. Bó bá ṣì pọ́n bí ìyeyè, ó dáa. Bó ti ń dà bí ilẹ̀ pupa, tó ń dúdú lọ, bẹ́ẹ̀ ni májèlé ṣe pọ̀ tó.

Fùfú, láfún àti ẹ̀gẹ́ sísè

Fùfú kì í fi bẹ́ẹ̀ kó wa sí wàhálà, nítorí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nínú omi kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fò: bí kò bá rọ̀, kò ṣeé sẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó rọ̀ dé ibi tí ìka wọ inú rẹ̀ ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù lára májèlé rẹ̀.

Láfún ló yẹ ká ṣọ́. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ ní òru kan péré, tó gé e wẹ́wẹ́, tó sì sá a, ó ti ní ìyẹ̀fun funfun tó dára lójú, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Oòrùn ń gbẹ ẹ́ kí ẹ́ńsáìmù tó ríṣẹ́ ṣe. Bí irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílé, ọ̀nà kan wà láti tún un ṣe, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Howard Bradbury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia gbé jáde. Ẹ bu omi sí ìyẹ̀fun náà kó rin dáadáa láì ṣàn, ẹ tẹ́ ẹ sórí atẹ́ kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí ẹ fi í sóòrùn fún wákàtí 2, tàbí sábẹ́ òjìji fún wákàtí 5. Ẹ rò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Linamarin àti ẹ́ńsáìmù tó ṣẹ́ kù nínú ìyẹ̀fun náà á tún ríra, sáyánáìdì á sì fò lọ. Ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ fún gàrí, agbada ti pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ sísè: ti dídùn nìkan. Ẹ bó o, ẹ yọ okùn àárín rẹ̀, ẹ gé e kéékèèké, ẹ fi omi tútù púpọ̀ gbé e kaná, ẹ má dé ìkòkò, kí ẹ da omi náà nù. Sísọ ọ́ sínú omi tó ti ń hó ń pa ẹ́ńsáìmù lójú ẹsẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ewùrà ni tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó ń kú díẹ̀díẹ̀

Ní 1938, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Trolli kọ̀wé nípa àrùn kan ní Kóńgò tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní konzo, ìyẹn ẹsẹ̀ dídè. Ó máa ń bá ènìyàn lójijì, láàárín ọjọ́ kan tàbí díẹ̀ sí i: ẹsẹ̀ méjèèjì á le gbandi, kò sì ní padà bọ̀ sípò títí ọjọ́ ayé ẹni náà. Ní 1981, lọ́dún ọ̀dá, ó kọlu àwọn tó lé ní 1,000 ní agbègbè Nampula ní Mozambique. Àwọn ọmọdé àti obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó fà á kò ju mẹ́ta tó pàdé lọ: ọ̀dá mú kí májèlé ẹ̀gẹ́ pọ̀, ebi mú kí wọ́n gé ọjọ́ rírẹ kúrú, kò sì sí ẹja tàbí ẹran tí ara á fi rí imí ọjọ́.

Tiwa yàtọ̀. Ní ayé 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣàpèjúwe àìsàn kan ní ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Ọ̀ṣọsà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde: ẹsẹ̀ á máa jó bí iná tàbí kó kú tipiri, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú á máa ṣú, etí á máa di. Ọdún púpọ̀ ló fi ń wọlé, àwọn àgbà ló sì pọ̀ jù lára wọn. Nínú àyẹ̀wò tó jáde ní 2000, nínú 3,428 ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ọ̀ṣọsà, 206 ló ní i, obìnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọkùnrin. Ọ̀ṣúntókun di ẹ̀bi rẹ̀ lé sáyánáìdì ẹ̀gẹ́. Àmọ́ àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí ibòmíràn tí sáyánáìdì ti pọ̀ nínú oúnjẹ tí àìsàn náà kò sì pọ̀, ìyẹn mú kí àwọn onímọ̀ máa jiyàn lé e lórí. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ìyá àgbà bá ń jó o, ẹ má fi gàrí dá a lẹ́jọ́ nílé. Àtọ̀gbẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, àìtó fítámì B12 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ní ìtọ́jú.

Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni àwo oúnjẹ. Ẹja tí a fi ń mu gàrí tútù lọ́sàn-án kì í ṣe fàájì lásán, imí ọjọ́ inú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń lò. Ẹyin náà dára. Ẹ̀pà àti ẹ̀wà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tó ẹja. Ẹ lo iyọ̀ tó ní áyódíìnì, torí pé thiocyanate tí ara fi sáyánáìdì ṣe máa ń du áyódíìnì lọ́nà ọ̀fun, ibẹ̀ sì ni gẹ̀gẹ̀ ti ń wá.

Bó bá ṣẹlẹ̀

Láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oúnjẹ ẹ̀gẹ́, bí orí bá ń fọ́, tí òòyì ń kọ́ni, tí inú ń run, tí èébì ń bọ̀, tí èémí ń yára, ní pàtàkì bó bá ju ẹnì kan lọ tó jẹ nínú àwo kan náà, ẹ má dúró wo àfẹ̀mọ́jú. Gìrì tàbí oorun àìjí lè tẹ̀lé e kíá. Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Epo kì í pa sáyánáìdì, ẹni tí kò sì mọra dáadáa mọ́ lè gbà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá tó ní ọ́síjìn. Fún ará Rẹ́mọ àti ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú, ilé ìwòsàn yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan gbé e sùn nínú ọkọ̀, kí ẹnì kan máa wo èémí rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ wà: hydroxocobalamin, tàbí sodium thiosulphate tó ń fún ẹ̀dọ̀ ní imí ọjọ́ tó ń wá. Ṣùgbọ́n ibà, tífọ́ọ̀dì àti májèlé kòkòrò náà máa ń múni bì, kò sì sí dókítà tó máa ronú kan sáyánáìdì bí ẹ ò bá sọ ọ́ fún un. Ẹ sọ ohun tí wọ́n jẹ, aago tí wọ́n jẹ ẹ́, iye ọjọ́ tó fi wà nínú omi tàbí àpò. Kí ẹ bu èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò sínú ọ̀rá, ẹ dì í, ẹ mú un dání.